Irun Ewúrẹ́ Ìdána

Ojú mi méjèèjì yìí ni mo fi rí gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ, imú mi sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́ ló ṣe ṣẹlẹ̀, bi í pé ibo lòun dúró sí lọ́jọ́ náà. Òórùn irun tó ń jóná ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí, kí ojú ènìyàn kankan tó wá sí mi lọ́kàn. Ní ẹ̀yìn odò ẹran ní Ìkìrun, níbi tí wọ́n ti ń pa màlúù àti ewúrẹ́ tà, ibẹ̀ ni ojú iná mi wà, lábẹ́ igi ọ̀dán kan tí èéfín ti sọ ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀ di dúdú. Alápatà á dúńbú ẹran tirẹ̀, èmi á gbà á, n ó sun irun rẹ̀ kúrò, n ó fá a, n ó fọ̀ ọ́, kí wọ́n tó kun ún. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe nìyẹn láti ìgbà tí mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹta, kò sì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe tó mi láti Òṣogbo títí dé Ọ̀fà. N kò fọ́nnu o. Lọ béèrè.

Àwọn ènìyàn rò pé ẹran sísun kò ju kí èèyàn sọ ọ́ sínú iná lọ. Òmùgọ̀ ló ń rò bẹ́ẹ̀. Aṣọ ni irun ẹran, Ọlọ́run ló rán an sí i lára, ó sì rán an le. Irun tí ewúrẹ́ ń wọ̀ nígbà ọyẹ́ kì í ṣe èyí tó ń wọ̀ nígbà òjò; bí òtútù bá ti mú, irun kékeré kan á hù sí abẹ́ èyí tó gùn, ó rọ̀ bí òwú, òun ló ń kọ́kọ́ gbaná, bí ọwọ́ rẹ kò bá sì yá, á jó dé awọ. Òbúkọ ní irùngbọ̀n àti gọ̀gọ̀, inú wọn ni òórùn rẹ̀ fi ṣe ilé. Àgbò ní ọ̀rá nídìí irun, ìyẹn ni iná fi ń ta pàrà-pàrà lára rẹ̀. Ọ̀yà kò ṣe é fi iná sun bí ewúrẹ́, irun rẹ̀ le bí ìgbálẹ̀, awọ rẹ̀ sì fẹ́lẹ́. Omi gbígbóná la fi ń hó o. Mo lè di ojú, kí n fi ọwọ́ pa ẹran lára, kí n sọ fún ọ bóyá ara rẹ̀ yá tàbí kò yá, torí irun ẹran tó ń ṣàìsàn kì í sùn mọ́ ara, ńṣe ló máa ń dìde gan-an. Mo tún kíyè sí nǹkan kan tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi: ohun tó bá ń fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú, irun ló ń wọ̀. Adìyẹ kì í fún ọmọ lọ́mú, ìyẹ́ ló ní. Ẹja kì í fún ọmọ lọ́mú, ìpẹ́ ló ní. Mo bi tíṣà kan nípa rẹ̀ rí, ó ní òótọ́ ni mo sọ.

Imọ̀ ọ̀pẹ tó gbẹ dáadáa ni mo ń lò, torí iná rẹ̀ yára, kì í sì í rú èéfín. Nígbà tí igi wọ́n, tí àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í fi táyà ọkọ̀ sun ẹran, èmi kọ̀. Kí pátákò tó tutù ni mo ti ń gbá a yọ. Ọ̀bẹ ló kàn, lẹ́yìn ọ̀bẹ kànrìnkàn, lẹ́yìn kànrìnkàn n ó fi ìka wá inú etí àti àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni irun máa ń sá pamọ́ sí. Bí mo bá parí, ara ewúrẹ́ á pọ́n bí àkàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú epo.

Ṣùgbọ́n irun tí mo bọ́ kúrò lára ẹran, èmi ni mò ń wọ̀ ọ́ lọ sílé. Ọṣẹ dúdú kò mú un lọ, ọsàn wẹ́wẹ́ kò mú un lọ, lọ́fínńdà sì tún ń dá kún un ni. Yàrá kan ni mo gbà sí Ìnísà. Nínú bọ́ọ̀sì tí mo ń wọ̀ láti Ìkìrun lọ sílé, ẹni tó bá jókòó tì mí á ṣàdédé rántí pé òun mọ ẹnì kan ní ìjókòó iwájú. Bí wọ́n bá ń ṣe ìnáwó, èmi ni wọ́n ń pè wá sun ẹran, wọ́n á máa kí mi láti òkèèrè, “Asunran, o kú iṣẹ́ o!” Bí oúnjẹ bá délẹ̀, wọ́n á gbé tèmi wá bá mi nídìí iná. Mo jẹ oúnjẹ ìgbéyàwó tí n kò lè kà, n kò jókòó sórí àga níbi ọ̀kan nínú wọn. Nílé, mo máa ń tan rédíò sílẹ̀, kì í ṣe pé mo fẹ́ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, mo kàn fẹ́ kí ohùn ènìyàn wà nínú yàrá.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀, nígbà ọyẹ́, ọmọbìnrin aránṣọ kan wá jókòó tì mí nínú bọ́ọ̀sì. Ará Òkukù ni, ó wá ra òwú àti bọ́tìnnì ní Ìkìrun. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ń wò ó bí ẹni tó jókòó lé ìjàlọ, òun kò sì mira. Ó bi mí pé kí niṣẹ́ mi, mo sọ fún un, mo sì fi bí mo ṣe mọ̀ ọ́n tó kún un. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Ìnísà kí n tó mọ̀ pé ọ̀fìnkìn ló ń bá a jà, imú rẹ̀ ti dí pátápátá.

Nígbà tí imú rẹ̀ fi máa là, mo ti di ẹni tó ń lọ kí i ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, ó gbé orí sókè lẹ́nu ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ń fín imú kiri.

“Bọ̀dá, kí ló ń jóná?”

“Kò sóhun tó ń jóná.”

“Háà! Ẹ̀yin ni!” Ó na ìka sí mi. “Ẹ̀yin gan-an lẹ̀ ń jóná!”

Mo dìde pé kí n máa lọ. Ó ní, “Ẹ jókòó, jàre. Mo ti gbọ́ ẹnu yín tán kí imú mi tó là. Ẹnu yín burú ju òórùn yín lọ.”

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé bí mi ò bá fẹ́ ẹ, mi ò ní fẹ́ ẹnikẹ́ni. N kò sọ ọ́ láti fi dùn lẹ́nu. Bó ṣe rí nìyẹn.

Ìyá rẹ̀ ni ibi tó le. Opó ni, Aládùúrà sì ni, tùràrí kì í kú nínú ilé rẹ̀. Wọ́n ní ọkọ rẹ̀ ti kú ó ti pẹ́. Èmi kò béèrè ohun tó pa á, torí a kì í bi opó bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo lọ fi ara hàn án, kò jẹ́ kí n kọjá ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó fi ìborùn bo imú, ojú rẹ̀ kò sì sí lára mi, ara ògiri ló wà.

“N ò ní ohun burúkú sọ síṣẹ́ ẹ,” ló wí. “O ò jalè. Ṣùgbọ́n òórùn yìí ò gbọdọ̀ wọ ilé mi. O lè fẹ́ ọmọ mi, ẹ lè máa gbé Ìnísà yín, kí òórùn náà máa bá yín gbébẹ̀. Ọjọ́ tó bá tọ̀ mí wọlé wá, ọjọ́ náà lọ̀rọ̀ tán.”

“Mo ti gbọ́, mà.”

“Ṣé o gbọ́ ni, àbí o kàn ń dáhùn?”

“Mo gbọ́, mà.”

Mo gbọ́ lóòótọ́. Mo rò pé fáàrí ni, mo rò pé torí aṣọ funfun tí wọ́n ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni. Nígbà tí ìdána kù sí dẹ̀dẹ̀, mo pa iná mi kú, mo ní kí àwọn alápatà wá ẹlòmíràn wò ná. Mo fá orí, mo fá irùngbọ̀n, mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ pa ara títí ara fi ń ta mí. Ọmọbìnrin náà rán agbádá funfun kan fún mi, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ṣe iṣẹ́ ọrùn rẹ̀. Òórùn aṣọ tuntun ni mo gbọ́ lára rẹ̀. Mo rò ó pé bí ara ènìyàn yòókù ṣe máa ń rùn nìyẹn, tí wọn kò sì mọ̀.

Agboolé bàbá ọmọ náà ní àṣà tiwọn. Ewúrẹ́ ìdána kì í wà láàyè mọ́jú lọ́dọ̀ wọn. Ọjọ́ tí ìdílé ọkọ bá fà á wá ni wọ́n ń pa á, wọ́n á sun ún, wọ́n á gé itan kan lé àna lọ́wọ́ kí wọ́n gbé e lọ sílé, kí ìdílé méjèèjì lè jẹ ẹran kan náà lọ́jọ́ kan náà. Ọkọ ìyàwó kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Nítorí ìyá ọmọ, àwọn àgbà ilé gbà pé kí wọ́n lọ sun ún lókèèrè, lẹ́bàá ojú irin rélùwéè, kí afẹ́fẹ́ lè gbé òórùn náà wọ igbó. Èmi ni mo yan ewúrẹ́ náà fúnra mi ní Ìbà. Ó dúdú, irun rẹ̀ ń dán, ó sùn mọ́ ara bí ẹni pé wọ́n fi òróró yà á, funfun díẹ̀ sì wà níwájú orí rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ṣáájú wa lọ, torí bàbá wa ti di olóògbé. Wọ́n gbà wá tọwọ́ tẹsẹ̀. Wọ́n fún mi ní àga. Mo jókòó sórí rẹ̀ láàárín àwọn ènìyàn, kò sì sí ẹni tó sún kúrò. Wọ́n fa ewúrẹ́ lọ, wọ́n ń ṣàdúrà, gbogbo nǹkan ń lọ bó ṣe yẹ, àfi ìgbà tí mo gbé ojú sókè tí mo rí èéfín lókè òrùlé.

Èéfín dúdú ni. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí mọ ohun tí èéfín dúdú ń wí. Igi tútù ni wọ́n kó sábẹ́ ẹran. Irun kò ní jó tán, yóò yọ́, yóò lẹ̀ mọ́ awọ bí ọ̀dà, awọ á dúdú, á korò. Bẹ́ẹ̀, itan kan ń bọ̀ wá sílé pẹ̀lú wa. Gbogbo Ìkìrun ló mọ̀ mí. Wọ́n á rí irun láàárín ẹsẹ̀ ewúrẹ́ ìdána asunran.

Ẹ̀gbọ́n mi fi ìgbọ̀nwọ́ tì mí. “Kí lò ń wò?”

“Wọ́n ń bà á jẹ́.”

“Kí wọ́n bà á jẹ́. Ìyàwó la wá gbà, a ò wá gba awọ.”

“Ẹ wo èéfín yẹn, ẹ̀gbọ́n.”

“Èmi ò wo nǹkan kan. Jókòó jẹ́ẹ́.”

Mo jókòó jẹ́ẹ́. Mo tún wo òkè. Lẹ́yìn náà ni mo ní mo fẹ́ lọ tọ̀.

Ẹ̀gbọ́n ọmọ náà ọkùnrin, awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni, òun àti àwọn ọmọ ilé wọn ló wà nídìí iná. Wọ́n ń fẹ́ iná, wọ́n ń wúkọ́, omi ń bọ́ lójú wọn. Ẹran náà dà bí ẹni tó yí nínú ẹrẹ̀.

“Ọkọ ìyàwó! Ṣé ebi ti ń pa yín ni?”

“Ta ló kó igi tútù wá?”

“Igi nigi.”

“Ẹ wo inú etí ẹ̀. Ẹ wo àárín ẹsẹ̀ ẹ̀. Ṣé ẹ fẹ́ kí àwọn àgbà máa fi eyín tu irun ni?”

Awakọ̀ náà bú sẹ́rìn-ín, ó na igi sí mi. “Ọ̀gá, bó bá ṣe pé ẹ mọ̀ ọ́n jù wá lọ, iná rèé.”

Yẹ̀yẹ́ ni, gbogbo wọn ló mọ̀ pé n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Èmi náà mọ̀. Mo bọ́ agbádá, mo fi lé ọ̀kan nínú wọn lọ́wọ́ pé kó dúró sápá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá. Mo da iná wọn nù. Mo fa imọ̀ ọ̀pẹ gbígbẹ láti inú oko ẹ̀gbẹ́ rélùwéè, mo dá iná mìíràn, mo gbé ewúrẹ́ náà lé e, mo sì ṣe iṣẹ́ tí mo mọ̀. Ọ̀rẹ́ mi, ì bá wù mí kó o rí i. Mo fá gbogbo ọ̀dà náà kúrò. Mo gbá pátákò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yọ bí ẹni ṣí fìlà. Awọ náà jáde, ó pọ́n, ó dán, kò sí irun kan ṣoṣo lára rẹ̀, àní ní ìpéǹpéjú. N kò ṣe irú rẹ̀ rí, n kò sì tíì ṣe irú rẹ̀ mọ́.

Bí mo ṣe ń ṣe é, wọ́n sún mọ́ mi. Wọn kò dúró lókèèrè kí mi. Wọ́n yí mi ká, èjìká wọn ń kan èjìká mi, wọ́n ń bi mí léèrè, mo ń fi hàn wọ́n. Awakọ̀ náà gbá mi lẹ́yìn, ó ní, “Àna wa, ọwọ́ yín mà mú o!” Ẹnikẹ́ni kò tíì pè mí ní ti wọn rí. Ìdí nìyẹn tí n kò fi gbóòórùn ara mi. Mo tú lọ́fínńdà tó wà lápò mi sára, mo gbé agbádá wọ̀ padà, mo gbàgbé pé ńṣe ló ń dá kún un, mo rò pé ó ti bò ó. Wọ́n gbé ewúrẹ́ náà sórí ọpọ́n, wọ́n ṣáájú, wọ́n ń kọrin, èmi sì wà láàárín wọn.

Ìyá ọmọ náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń tún gèlè ọmọ rẹ̀ ṣe kí wọ́n tó fà á jáde síta. Afẹ́fẹ́ ló ṣáájú wa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo rí i nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí gèlè náà. Ó wo ojú mi, ìgbà àkọ́kọ́ tó máa wò mí lójú nìyẹn, lẹ́yìn náà ló jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àwọn obìnrin sáré sí i.

“Ẹ gbé e lọ,” ló wí.

Wọ́n rò pé ewúrẹ́ nìkan ló ń wí.

“Ẹ gbé e lọ, kí ọkùnrin yìí bá a lọ.”

Ẹ̀gbọ́n mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja. “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì í. Iṣẹ́ ló gbé e lọ́kàn.”

“Mo ti sọ fún un. Ẹ bi í bóyá n ò sọ fún un.”

Wọ́n bi mí. Mo ní ó sọ fún mi. Àgbà ilé kan tún béèrè pé ta ló sun ẹran náà, kò sí ẹni tó lẹ́nu láti purọ́, àṣà ilé wọn sì ti bàjẹ́ nìyẹn. Awakọ̀ tó pè mí ní àna wa lẹ́ẹ̀kan ń wo ilẹ̀. Wọ́n di ewúrẹ́ náà sínú àpò, wọ́n gbé e lé ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́.

Ọmọbìnrin náà sá tẹ̀ lé wa dé ibi tí a ti ń dúró de ọkọ̀. Gèlè rẹ̀ ti tú. Ó ní kí n má rò pé ìyá òun kórìíra mi. Kẹrosíìnì tí wọ́n fi pẹtiróòlù lú ló gbaná lójú àtùpà nílé wọn nígbà tí òun wà ní kékeré. “Irun orí bàbá mi ló kọ́kọ́ gbaná. Ọwọ́ ni Màmá fi ń pa á. Wọn ò rí i pa.” Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. “Òórùn yẹn ni, Bọ̀dá. Òun náà ni.”

Mo ní, “Kí ló dé tó ò sọ fún mi?”

“Màmá ní n ò gbọdọ̀ sọ. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ràn mi á lè pa ọ̀rọ̀ mọ́ láì mọ ìdí ẹ̀.”

Ọkọ̀ dé. Ó fọwọ́ kan ọrùn agbádá mi, ibi tó ṣe iṣẹ́ sí, ó sì padà. Ọkọ̀ kún, ṣùgbọ́n àyè wà lápá ọ̀tún mi. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó síwájú. Ní Ìnísà, ó gbé àpò náà lé mi lọ́wọ́, ó ní òun kò lè jẹ nínú rẹ̀. Èmi náà kò lè kun ún. Mo gbé e sílẹ̀ nínú yàrá mi títí ó fi fẹ́ bàjẹ́, mo sì gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ilé, mo sin ín. Iṣẹ́ tó dára jù tí ọwọ́ mi ṣe rí, abẹ́ ilẹ̀ ló wà.

Òṣìṣẹ́ ìjọba kan ní Òṣogbo ló padà fẹ́ ọmọ náà. Èmi padà sídìí iná mi, n kò sì fẹ́ ẹnikẹ́ni. Bí o bá bi mí bóyá ó yẹ kí n jókòó sórí àga mi kí n jẹ́ kí wọ́n ba ẹran jẹ́, n ó sọ fún ọ pé ewúrẹ́ náà kò nírun lára, ẹnikẹ́ni kò sì lè sọ pé ó ní. Ohun tí mo máa ń rò nìyí: láti Ìkìrun dé Òkukù, gbogbo ènìyàn ló ń sá fún òórùn yẹn, wọn kò sì mọ ohun tí wọ́n ń sá fún. Èmi àti ìyá náà nìkan ni a mọ̀ ọ́n. Mo rò pé mo mọ irun tó ń jóná ju gbogbo ayé lọ, òun sì ti mọ̀ ọ́n kí n tó dé. Bí a bá jọ jókòó, à bá rí nǹkan bá ara wa sọ. Ó ti kú báyìí. N kò lọ síbi òkú rẹ̀, torí iṣẹ́ ni mo ti bọ̀ lọ́jọ́ tí mo gbọ́, òórùn náà sì wà lára mi.

Ohun tó ṣòfò níbẹ̀ kò pọ̀ tí èèyàn bá kà á. Ewúrẹ́ dúdú kan, tí ẹnikẹ́ni kò jẹ. Agbádá funfun kan, n kò wọ̀ ọ́ mọ́. Ìyàwó kan. Ìyá ìyàwó kan. Àwọn àna tó yí mi ká nídìí iná, wọ́n tó mẹ́fà.